Adágún Ìgbafẹ́ àti Ògiri Tí Ó Gbé E Ró

Orí ọ̀rọ̀ tí mo mú wá lónìí lè ya àwọn kan lẹ́nu. Wọn yóò bi ara wọn léèrè pé kí ni olùkọ́ lítíréṣọ̀ ń wá nídìí ìdídò. Èsì mi kò gùn. Àwọn ẹnjiníà ti kọ ohun púpọ̀ lórí rẹ̀ ní èdè Gẹ̀ẹ́sì, nínú ìwé tí àwọn tí ń gbé ìsàlẹ̀ odò kì í rí kà. Bẹ́ẹ̀ sì ni, ìsàlẹ̀ odò ni omi ń gbà lọ nígbà tí ògiri bá já.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ wo ọ̀rọ̀ fúnra rẹ̀. Bí a bá fi yẹ̀pẹ̀ tàbí òkúta dí ojú odò, a ní a sé odò náà. Ohun tí a fi sé e ni ìdídò. Omi tí ó gbára jọ sẹ́yìn rẹ̀ ni adágún. Àwọn baba wa mọ iṣẹ́ yìí. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn wọn a fi amọ̀ sé odò kékeré, wọn a gbọ́n ọn gbẹ, wọn a kó ẹja. Ṣùgbọ́n ìdídò tiwọn kì í pẹ́. Bí òjò àkọ́rọ̀ bá dé, odò a gbé e lọ, ẹnikẹ́ni kì í sì í bínú sí i. Ìdídò ayé òde òní yàtọ̀: a ń retí kí ó dúró fún àádọ́ta ọdún, kí ó dúró fún ọgọ́rùn-ún. A ní ọ̀rọ̀ fún ẹni tí ń ṣọ́ ilé lóru, a ní fún ẹni tí ń dẹ́mu, a ní fún ẹni tí ń tukọ̀. Ẹni tí ń ṣọ́ ìdídò ṣì ń ṣe àjèjì létí wa. Èmi kò rò pé ó jẹ́ ọ̀rọ̀ èdè nìkan.

Alímọ̀ṣọ́ kì í ṣe ìlú adágún. Ẹni tí ó bá fẹ́ láti ìhín lọ wo adágún tí a fọwọ́ dá, tí àwọn ènìyàn sì ń lọ ṣe fàájì létí rẹ̀, lè wọ ọkọ̀ lọ sí Ìbàdàn, níbi tí ọ̀pọ̀ ọmọ wa ti ń kẹ́kọ̀ọ́. Ibẹ̀ ni n óò ti mú àpẹẹrẹ wá, n óò sì padà sí Èkó kí n tó jókòó.

Ní ọdún 1964 ni a sé odò Awba ní ọgbà Yunifásítì Ìbàdàn, kí a lè rí omi lò, kí a sì lè fi ṣe ìwádìí ẹja. Ìgbafẹ́ tẹ̀lé e. Gíga ògiri náà jẹ́ mítà 8.5, gígùn orí rẹ̀ jẹ́ mítà 110, omi náà sì fẹ̀ tó hẹ́kítà 6. Bí ó bá kún, ó gba lítà mílíọ̀nù 227. Ẹ fi ojú inú wo tánkà omi tí ń gbé lítà 10,000, irú èyí tí ń kọjá ní títì Ẹ̀gbẹ́dá. Yóò lọ, yóò bọ̀ ní ìgbà 22,700 kí ó tó kó o tán. Síbẹ̀ kékeré ni a ń pè é. Àjọ àgbáyé tí ń ṣàkọsílẹ̀ ìdídò ńlá kò ka èyí tí gíga rẹ̀ kò tó mítà 15 mọ́ wọn, àfi bí ó bá tó mítà 5, tí omi rẹ̀ sì ju lítà bílíọ̀nù 3 lọ. Nítorí náà àwọn bí Awba kì í sí nínú ìwé náà. Ẹni tí ilé rẹ̀ wà nísàlẹ̀ irú adágún bẹ́ẹ̀ kò gbọdọ̀ fi èyí tu ara rẹ̀ nínú.

Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ mú lọ sílé nìyí: ohun tí ó wu ojú lára adágún ni ó sábà máa ń jẹ ògiri rẹ̀. Olùgbafẹ́ fẹ́ràn kí omi kún dé etí. Ẹnjiníà ń fẹ́ kí àyè ṣófo láàárín ojú omi àti orí ògiri, kí òjò òjijì lè rí ibi gbà. Olùgbafẹ́ fẹ́ràn igi tí ó ṣíji bo ẹ̀gbẹ́ ìdídò. Ṣùgbọ́n bí ògiri bá jẹ́ ti yẹ̀pẹ̀, gbòǹgbò igi a wọ inú rẹ̀ lọ. Nígbà tí igi náà bá kú, gbòǹgbò a jẹrà, a sì fi ihò sílẹ̀ fún omi. Ibi tí koríko bá ti dí, òkété a gbẹ́ ilé rẹ̀ síbẹ̀ láìsí ẹni tí ó rí i. Omi díẹ̀ tí ń sun lẹ́sẹ̀ ògiri kì í ṣe ìjà, bí ó bá mọ́ tí kò sì pọ̀ sí i. Ọjọ́ tí ó bá jáde ní rírú ni kí a sá fún, nítorí pé ó ti ń ru inú ògiri jáde díẹ̀díẹ̀.

Ewéko omi tún ńkọ́? Nínú ìwúre, a máa ń fi ojú oró tọrọ pé kí a lékè, nítorí pé òun ní í lékè omi. Àdúrà ẹni tí ń tọ́jú ìdídò yàtọ̀ sí tiwa. Ojú oró àti àwọn ìbátan rẹ̀, bí wọ́n bá bo adágún tí òjò sì gbá wọn jọ, ọ̀nà àkúnwọ́sílẹ̀ ni wọn yóò lọ dí, ìyẹn ojú ibi tí a là sílẹ̀ kí omi tí ó bá pọ̀jù lè gba ibẹ̀ jáde láìgun orí ògiri. Ògiri yẹ̀pẹ̀ tí omi bá gun orí rẹ̀ lè má rí ọ̀sán ọjọ́ kejì.

Kò sí ibi tí èyí ti hàn kedere tó bí ti South Fork, ní ìpínlẹ̀ Pennsylvania ní Amẹ́ríkà. Ìjọba ìpínlẹ̀ náà ni ó parí ìdídò ọ̀hún ní 1853, kí ó lè máa bu omi sí odò àtọwọ́dá tí ọkọ̀ ń gbà. Nígbà tí ọkọ̀ ojú irin dé, wọ́n tà á. Ọ̀kan nínú àwọn tí ó ti ọwọ́ wọn kọjá yọ páìpù irin ìsàlẹ̀ rẹ̀, ó sì tà wọ́n. Ní 1879 ó bọ́ sí ọwọ́ ẹgbẹ́ ìgbafẹ́ àwọn ọlọ́rọ̀ Pittsburgh; Andrew Carnegie àti Henry Clay Frick wà lára wọn. Wọ́n kọ́ ilé sí etí omi, wọ́n sì da ẹja sí i. Kí kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́ṣin lè kọjá lórí ògiri, wọ́n gé orí rẹ̀ wálẹ̀. Kí ẹja má bàa sá lọ, wọ́n ta àwọ̀n irin sí ojú ọ̀nà àkúnwọ́sílẹ̀. Wọn kò dá páìpù padà, nítorí náà kò sí ẹni tí ó lè mú omi náà fà. Ní ọjọ́ 31 oṣù karùn-ún, 1889, òjò ńlá rọ̀, pàǹtírí dí àwọ̀n, àwọn òṣìṣẹ́ fi ṣọ́bìrì wá ọ̀nà mìíràn fún omi títí ó fi bọ́ lọ́wọ́ wọn. Ìlú Johnstown wà nísàlẹ̀ odò, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó kìlómítà 23. Ènìyàn 2,209 ni ó kú. A ti fi wáyà ránṣẹ́ láti kìlọ̀ fún ìlú náà lọ́jọ́ yẹn, ṣùgbọ́n wọ́n ti gbọ́ igbe bẹ́ẹ̀ lọ́dún méló kan tí nǹkan kan kò ṣẹlẹ̀. Nígbà tí ọ̀rọ̀ dé kóòtù, ẹgbẹ́ náà kò san kọ́bọ̀: wọ́n ní àmúwá Ọlọ́run ni.

Àmúwá Ọlọ́run! Èmi tí mo jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ ọ̀rọ̀ mọ̀ pé ọ̀rọ̀ yìí ní àyè tirẹ̀, pàápàá níwájú ẹni tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀. Òjò jẹ́ ti Ọlọ́run lóòótọ́. Àwọ̀n irin kì í ṣe tirẹ̀.

Ìbàdàn náà ti rí tirẹ̀. Ní ọjọ́ 26 oṣù kẹjọ, 2011, òjò rọ̀ fún bí wákàtí mẹ́rin, ènìyàn tí ó lé ní ọgọ́rùn-ún sì bá a lọ. Ní ọgbà Yunifásítì, Awba kún àkúnya. Ọgbà ẹja bàjẹ́, omi wọ ọgbà ẹranko, ó sì pa nínú wọn. Ìdídò Elẹ́yẹlé, tí a ti kọ́ sórí odò Ọ̀nà láti 1942, kò bọ́ nínú ewu ọjọ́ náà. Ní 2014 Báńkì Àgbáyé fọwọ́ sí yíyá Ìbàdàn ní mílíọ̀nù 200 dọ́là nítorí ọ̀rọ̀ àgbàrá, àtúnṣe Elẹ́yẹlé sì wà lára iṣẹ́ tí a fi ṣe. Ní òkè Ọya, ìdídò Bagauda ní Kano, tí òun náà jẹ́ ibi ìgbafẹ́, já ní 1988, kò sì tíì pé ogún ọdún. Ti Alau já ní oṣù kẹsàn-án, 2024, ó sì bo Maiduguri.

Owó tí a fi ń ṣàyẹ̀wò kò tó nǹkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ irú owó bẹ́ẹ̀. Kí ènìyàn kan tí ó mọṣẹ́ máa rìn lórí ògiri àti lẹ́sẹ̀ rẹ̀ lẹ́yìn òjò, pẹ̀lú àdá àti ìwé àkọsílẹ̀. Kí a máa yí fáàfù ìsàlẹ̀ lọ́dọọdún kí ó má bàa dípẹtà. Kí a máa kó ewéko kúrò lójú ọ̀nà àkúnwọ́sílẹ̀. Ìṣòro ibẹ̀ ni pé kò sí ẹni tí yóò wá gé rìbọ́n fún fáàfù. Àga tuntun àti ọkọ̀ ìgbafẹ́ a máa rí ẹni ṣí wọn.

Mo ní n óò padà sí Èkó. Ìdídò tí ó kàn wá jù ni ti Ọyán, ní òkè Abẹ́òkúta, tí Ààrẹ Shehu Shagari ṣí ní 1983. Lítà bílíọ̀nù 270 ni a kọ́ ọ láti gbà. Àwọn tí ń ṣàkóso rẹ̀ a máa ṣí ilẹ̀kùn rẹ̀ nígbà òjò kí ògiri lè wà láìséwu, omi náà a sì gba odò Ògùn wá. Ní oṣù kẹwàá, 2010, ó lé àwọn ará Ajégúnlẹ̀ ẹ̀bá Ìkòròdú kúrò nílé. Nígbà tí rédíò bá kìlọ̀ fún Ìṣẹrì, fóònù a máa dún ní Ìṣẹrì Ọ̀ṣun àti Ìṣẹrì Olófin ní Alímọ̀ṣọ́ níhìn-ín, nígbà tí ó jẹ́ pé Ìṣẹrì ti etí odò Ògùn ni wọ́n ń sọ. Mo ti rí ìdílé tí ó di ẹrù tán kí wọ́n tó mọ̀.

Nítorí náà, ẹ̀bẹ̀ kan ni mo ní sí àwọn aláṣẹ. Kí a ri pátákó kan mọ́ ẹnu ọ̀nà gbogbo adágún bẹ́ẹ̀, kí a kọ ọ́ ní èdè Yorùbá: ọdún tí a kọ́ ògiri rẹ̀, ọjọ́ tí a yẹ̀ ẹ́ wò gbẹ̀yìn, orúkọ iléeṣẹ́ tí ó ni ín, nọ́ńbà tí ènìyàn yóò pè bí ó bá rí omi rírú lẹ́sẹ̀ rẹ̀, àti orúkọ gbogbo àdúgbò tí omi náà yóò gbà kọjá, kí Ìṣẹrì kọ̀ọ̀kan sì ní àpèjúwe tirẹ̀.