Bí Àrùn Àgógó àti Ìyẹ́ Ṣe Ran Odídẹrẹ́ Erékùṣù Mauritius

Àrùn àgógó àti ìyẹ́, tí àwọn dókítà ẹranko ń pè ní PBFD, jẹ́ àrùn tí fáírọ́ọ̀sì kan ń fà lára odídẹrẹ́ àti àwọn ẹyẹ tó bá a tan. Fáírọ́ọ̀sì ni ohun tín-ín-tìn-ìn-tín tí kò lè pọ̀ sí i àfi bí ó bá ráyè wọ inú ara ohun abẹ̀mí, èyí sì wà lára àwọn tó kéré jù lọ nínú wọn. Ẹyẹ tó bá kó o a máa já ìyẹ́, ìyẹ́ tuntun tó bá hù a lọ́ tàbí kí ó kán, àgógó a gùn ju bó ti yẹ lọ títí yóò fi sán, agbára tí ara fi ń gbógun ti àìsàn mìíràn a sì máa relẹ̀.

Ilẹ̀ Ọsirélíà ni wọ́n ti kọ́kọ́ ṣàkíyèsí irú àmì bẹ́ẹ̀ lára ẹyẹ inú igbó, nítòsí ìlú Adelaide lọ́dún 1888, ṣùgbọ́n àárín ọdún 1970 sí 1980 ni dókítà ẹranko kan, Ross Perry, ṣàlàyé rẹ̀ yékéyéké lára odídẹrẹ́ funfun tí wọ́n ń pè ní cockatoo.

Ohun tó mú kí àrùn yìí lè kúrò lára irú odídẹrẹ́ kan bọ́ sára òmíràn, bí àwọn méjèèjì kò tilẹ̀ fojú kan ara wọn rí, ni ibùgbé wọn. Púpọ̀ nínú odídẹrẹ́ kì í hun ìtẹ́, ihò inú igi ni wọ́n ń yé sí, igi àgbà tó ní ihò kò sì pọ̀, nítorí náà bí ọ̀kan bá ti jáde ni òmíràn yóò wọlé, bí ayálégbé tó kó sínú yàrá tí ẹnikẹ́ni kò gbá. Eruku ìyẹ́ àti ìgbẹ́ ẹyẹ tó ti lọ ṣì wà nílẹ̀ níbẹ̀, fáírọ́ọ̀sì inú wọn sì le tó bẹ́ẹ̀ tí ó lè wà láàyè fún ìgbà pípẹ́. Ọmọ tó bá pa níbẹ̀ lè fà á símú, ó sì tún lè gbà á lẹ́nu òbí tó ń pọ oúnjẹ fún un.

Ní Mauritius, erékùṣù inú Òkun Íńdíà tí igbó àdáyébá rẹ̀ tó ṣì dára kò tó 2%, irú odídẹrẹ́ ìbílẹ̀ kan ṣoṣo tó ṣẹ́ kù, tí wọ́n ń pè ní echo, kò ju nǹkan bí 20 lọ láàárín ọdún 1980 sí 1990. Odídẹrẹ́ àjèjì kan, aláwọ̀ ewé tó ní òrùka lọ́rùn, tí ènìyàn kó débẹ̀ ní ìparí ọ̀rúndún kọkàndínlógún, ń bá a du ihò igi. Àwọn olùtọ́jú kan àpótí ìtẹ́ mọ́ igi, wọ́n ń gbé oúnjẹ kalẹ̀ fún echo, wọ́n sì ń gbé ọmọ ẹyẹ láti ìtẹ́ kan sí òmíràn kí ó má bàa kú. Iye wọn gbéra lóòótọ́. Nígbà tó di ọdún 2005 ni àrùn náà bẹ́ sílẹ̀ láàárín wọn, àyẹ̀wò àbùdá fáírọ́ọ̀sì sì fi hàn pé èyí tó wà lára echo àti èyí tó wà lára àlejò náà bára tan. Ó ṣòro láti má sọ pé ìrànlọ́wọ́ yẹn gan-an, nípa kíkó ẹyẹ jọ sídìí oúnjẹ kan àti sínú àpótí kan, wà lára ohun tó la ọ̀nà fún àrùn. Síbẹ̀, ìrànlọ́wọ́ náà ni kò jẹ́ kí echo parun, nítorí iye wọn ti lé ní 700 báyìí.

Odídẹrẹ́ eléérú ti ilẹ̀ Áfíríkà náà kò bọ́ lọ́wọ́ àrùn yìí. Àrùn náà lè pa ọmọ ẹyẹ yìí kí àmì kankan tó hàn lára ìyẹ́. Kò tíì sí oògùn tó ń wò ó. Nítorí náà, kí ẹni tó bá ń sin odídẹrẹ́ nílé má ṣe tú u sílẹ̀ sínú igbó, bí ara rẹ̀ tilẹ̀ jọ pé ó dá ṣáṣá.