‘Oko’ àgbẹ̀ Ìdànrè kì í ṣe ‘oko’ òyìnbó tó ń ra kòkó

Ní Ìdànrè, ìlú tó gbajúmọ̀ fún kòkó ní Ìpínlẹ̀ Òǹdó, ọ̀rọ̀ kan wà tí gbogbo ẹni tó ń ṣòwò náà ń lò, ṣùgbọ́n tí ìtumọ̀ rẹ̀ yàtọ̀ lẹ́nu oníkálukú. Ọ̀rọ̀ náà ni ‘oko’. Ẹni tó jogún ilẹ̀ á ní oko òun ni. Ẹni tó gbin kòkó síbẹ̀, tó ń san ìṣákọ́lẹ̀, á ní oko òun ni, nítorí òun ló ni igi. Ẹni tó ń bá a tọ́jú rẹ̀, tí wọ́n jọ ń pín èrè, náà á ní òun ń lọ sí oko òun. Kò sí ẹni tó parọ́ nínú wọn.

Ibi tí wàhálà wà ni ìgbà tí wọ́n bá fẹ́ kọ ọ́ sínú ìwé tàbí kọ̀ǹpútà. Lọ́dún 2023, Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù ṣòfin pé kòkó tó bá máa wọ ọ̀dọ̀ àwọn kò gbọ́dọ̀ wá láti orí ilẹ̀ tí wọ́n pa igbó rẹ̀ run lẹ́yìn ọjọ́ 31, oṣù Kejìlá, ọdún 2020. Wọ́n ti sún ìgbà tí òfin náà yóò bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ síwájú ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Lójú òfin yìí, oko kì í ṣe ogún, kì í sì í ṣe àdéhùn. Ilẹ̀ tí wọ́n lè tọ́ka sí lórí máàpù ni. Bí kò bá ju hẹ́kítà 4 lọ, àmì kan tó. Bó bá ju bẹ́ẹ̀ lọ, wọ́n gbọ́dọ̀ fi ààlà rẹ̀ hàn yíká.

Nítorí náà, bí ẹni tó ń ra kòkó bá kàn béèrè pé, “Oko ta nìyí?”, ẹni mẹ́ta lè dáhùn, ilẹ̀ kan á sì di oko mẹ́ta nínú ìwé rẹ̀. Ẹlòmíràn sì ní ilẹ̀ níbi mẹ́ta, àmọ́ ‘oko mi’ ló ń pe gbogbo rẹ̀. Mẹ́ta á di ẹyọ kan. Bí ìwé bá rí báyìí, òyìnbó lè kọ ẹrù náà.

Bákan náà ni ‘gbígbẹ’ rí. Ọwọ́ ni àgbẹ̀ fi ń mọ kòkó tó gbẹ. Ẹ̀rọ ni ẹni tó ń kó o lọ sókè òkun fi ń wò ó, kò sì fẹ́ kí omi inú rẹ̀ ju nǹkan bí 8 nínú 100 lọ. Ìyàtọ̀ àárín méjèèjì, owó ni.

Àwọn tó ń ya àwòrán bí iṣẹ́ ṣe ń lọ nílé-iṣẹ́ ńláńlá mọ ìṣòro yìí. Lọ́dún 1987, John Zachman, òṣìṣẹ́ IBM ní Amẹ́ríkà, fi í wé ilé kíkọ́: ohun tí onílé ń wò nínú àwòrán kọ́ ni bíríkìlà ń wò, bẹ́ẹ̀ ilé kan náà ni. Kò sí èyí tó lè dípò èkejì, ṣùgbọ́n wọ́n gbọ́dọ̀ bára mu.

Oníṣòwò kékeré lè ṣe èyí láìná owó púpọ̀. Kó fún ilẹ̀ kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà tirẹ̀. Kó wá kọ orúkọ onílẹ̀, ẹni tó gbin kòkó àti ẹni tó ń tọ́jú rẹ̀ síwájú nọ́ńbà náà, lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Kó ka ohun tó kọ sétí gbogbo wọn kí wọ́n tó gbé àpò sórí òṣùwọ̀n. Àdéhùn tó yé tọ̀tún-tòsì kì í dìjà lọ́jọ́ owó.