ÀJÀGÀ TÀBÍ ÒRÙKA?
Ohun tí Onígbàgbọ́ lè rí kọ́ nínú Yóògà àwọn ará Índíà



Bí a bá dárúkọ Índíà ní Ọ̀dà, ní Àkúrẹ́ tàbí ní ìlú Oǹdó, ohun tí ó kọ́kọ́ ń wá sí ọkàn ọ̀pọ̀ ènìyàn ni òrùka agbára, tùràrí, àti ìwé àṣírí tí a fi owó ránṣẹ́ gbà láti òkèèrè. Èrò yìí kì í ṣe tòní. Láàrin ọdún 1943 sí 1945, àwọn ọmọ ogun Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, tí àwọn ọmọ ilẹ̀ wa wà nínú wọn, gba Índíà kọjá lọ sí ogun Burma. Nígbà tí wọ́n padà sílé, àwọn kan nínú wọn mú ìtàn ohun àràmàǹdà tí wọ́n rí àti èyí tí wọ́n gbọ́ bọ̀ wá sílé.

Kì í sì í ṣe ọ̀rọ̀ àtijọ́ nìkan. Ní Accra, ní ilẹ̀ Gánà, ọmọ ilẹ̀ náà kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Swami Ghanananda Saraswati dá ilé àwọn olùfọkànsìn Híńdù sílẹ̀ ní ọdún 1975, ó sì ń darí rẹ̀ títí ó fi kú ní ọdún 2016. Ẹgbẹ́ Hare Krishna pẹ̀lú ti fi ìdí múlẹ̀ ní Nàìjíríà. Ní ọjọ́ 11 oṣù Kejìlá ọdún 2014, Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé ya ọjọ́ 21 oṣù Kẹfà sọ́tọ̀ fún Yóògà ní ọdọọdún. Nítorí náà ni àwọn ọmọ wa fi ń bi wá léèrè pé, ǹjẹ́ ó tọ́ kí Onígbàgbọ́ fi ọwọ́ kan ẹ̀kọ́ yìí?

A kò lè gbàgbé ọ̀dọ́mọkùnrin kan nínú ìjọ tí a ti ṣe àbójútó rẹ̀ rí. Ó fi owó ìdánwò rẹ̀ ránṣẹ́ sí ẹnì kan tí ó pe ara rẹ̀ ní ọlọ́gbọ́n Índíà, nítorí òrùka tí yóò mú un yege láìkàwé. Òrùka dé, ṣùgbọ́n ọmọ náà kò lè jókòó fún ìdánwò, nítorí owó tí ó yẹ kí ó san ti bá òrùka lọ. Ìyá rẹ̀, opó tí ó pa èkùrọ́ kó owó náà jọ, sunkún níwájú wa. Àwa sọ fún ọmọ náà pé kí ó ju òrùka nù, a sì rò pé ọ̀rọ̀ parí. Lẹ́yìn náà ni a tó mọ̀ pé a kùnà. Àwa fúnra wa kò mọ ohun tí àwọn ará Índíà ń kọ́ni tó èyí tí a óò fi hàn án pé a ti tàn án jẹ. Àbùkù náà ni ó rán wa lọ sí ìdí ìwé.

Kí ni Yóògà? Ọ̀rọ̀ èdè Sánskrít ni, èdè ìgbàanì àwọn ará Índíà. Ìpìlẹ̀ kan náà ni òun àti ọ̀rọ̀ tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń lò fún àjàgà sì ti wá. Àjàgà ni igi tí a gbé lé ọrùn màlúù méjì kí wọ́n lè fa ẹrù pọ̀. Bí ara ènìyàn bá ń lọ sí ìlà-oòrùn, tí ọkàn rẹ̀ sì ń sáré lọ sí ìwọ̀-oòrùn, oko wo ni irú ẹni bẹ́ẹ̀ yóò ro? Kí ara, èémí àti èrò lè wà lábẹ́ àkóso kan ṣoṣo, kí ọkàn sì parọ́rọ́: èyí ni àwọn olùkọ́ Yóògà ń lépa.

Patanjali ni a gbà pé ó kó ẹ̀kọ́ yìí jọ sínú ìwé kékeré kan tí ẹsẹ rẹ̀ kò pé 200. Ìpele 8 ni ó là sílẹ̀. Ìkínní ni ìkóra-ẹni-níjàánu márùn-ún: kí a má ṣe pa ẹlòmíràn lára, kí a má purọ́, kí a má jalè, kí a pa ara mọ́ ní mímọ́, kí a má ṣe ojúkòkòrò. Ìkejì ni àṣà márùn-ún: ìmọ́tótó, ìtẹ́lọ́rùn, ìsẹ́ra-ẹni, kíkọ́ ìwé mímọ́, àti fífi ara ẹni lé Ọlọ́run lọ́wọ́. Ìkẹta ni ìjókòó, ìkẹrin, ìṣàkóso èémí, ìkarùn-ún, fífa ọkàn sẹ́yìn kúrò nínú ohun tí ojú ń rí àti èyí tí etí ń gbọ́, ìkẹfà, fífi ọkàn sí ojú kan, ìkeje, àṣàrò, ìkẹjọ, ìparọ́rọ́ pátápátá.

Ẹ kíyè sí i pé òtítọ́ ṣáájú ìjókòó. Ẹni tí ó ká ẹsẹ̀ pọ̀ bí ọlọ́gbọ́n Índíà, ṣùgbọ́n tí ó ń yí òṣùwọ̀n kòkó, tàbí tí ó ń da kòkó tútù mọ́ gbígbẹ kí àpò lè wúwo, kò tíì gun àtẹ̀gùn kìíní. Ẹsẹ 3 péré ni Patanjali fi sọ̀rọ̀ ìjókòó.

Ní ti agbára ńkọ́? Òótọ́ ni pé apá kẹta ìwé náà sọ̀rọ̀ àwọn agbára ìyanu. Ṣùgbọ́n níbẹ̀ gan-an ni ó ti kìlọ̀ pé ìdínà ni wọ́n jẹ́ fún ẹni tí ń wá ìparọ́rọ́ ọkàn. Ẹni tí ń ta òrùka, ohun tí olùkọ́ ní kí a fò kọjá ni ó ń díyelé fún wa.

Ìwé mìíràn ni Bhagavad Gita, níbi tí Krishna ti ń kọ́ jagunjagun tí à ń pè ní Arjuna. Ọ̀kan nínú ẹ̀kọ́ rẹ̀ tí ó lókìkí jù ni pé kí ènìyàn ṣe iṣẹ́ tí ó jẹ́ tirẹ̀ dáradára, kí ó má sì ṣe so ọkàn mọ́ èrè rẹ̀. Gandhi, ẹni tí a pa ní ọjọ́ 30 oṣù Kìíní ọdún 1948, gbé ìgbésí ayé rẹ̀ lé e lórí. Ta ni èyí yẹ bí kò ṣe àgbẹ̀ kòkó? Ó lè ro abẹ́ igi, ó lè ká èso tí ó gbó, ó lè bo ẹ̀wà rẹ̀ fún ọjọ́ 5 tàbí 6, kí ó sì sá a títí yóò fi gbẹ. Ṣùgbọ́n iye tí wọn yóò rà á ní Lọ́ńdọ̀nù àti Niu Yọ́ọ̀kì kò sí ní ọwọ́ rẹ̀. Bí ó bá so ọkàn mọ́ iye náà, yóò máa yọ̀ lónìí, yóò sì máa bú ìyàwó àti ọmọ lọ́la. Bí ó bá so ó mọ́ iṣẹ́ rere, yóò sùn.

Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni ti èémí. Nígbà tí ìbínú bá dé, èémí a máa yára. Ẹni tí ó bá dákẹ́, tí ó mí wọlé, tí ó sì mí jáde pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ ní ìgbà mẹ́wàá kí ó tó dáhùn, yóò rí i pé ọ̀rọ̀ tí ì bá fọ́ ilé ti rọ̀ lẹ́nu rẹ̀. Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Kò sí òrìṣà nínú èyí. Ọlọ́run ni ó fún wa ní èémí.

Síbẹ̀ a kò gbọdọ̀ da omi pọ̀ mọ́ epo. Àwọn Híńdù gbàgbọ́ pé ara ni ó ń kú, ọkàn kì í kú, ṣùgbọ́n ó ń tún ayé wá, gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ ti rí; àwa gbà pé oore-ọ̀fẹ́ ni a fi ń gbà wá là. Púpọ̀ nínú wọn a máa wí pé ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Àwa jẹ́wọ́ pé Kristi ni ọ̀nà. Nítorí náà, bí ibi tí a ti ń kọ́ Yóògà bá béèrè pé kí a fi orin tàbí orúkọ bọ ẹlòmíràn, kí Onígbàgbọ́ dìde, kí ó sì fi ìwà pẹ̀lẹ́ jáde. Ṣùgbọ́n kí ó má ṣe kẹ́gàn. C. F. Andrews, àlùfáà Áńgílíkà tí ó dé Índíà ní ọdún 1904, tí ó sì kú síbẹ̀ ní ọdún 1940, jẹ́ ọ̀rẹ́ tímọ́tímọ́ Gandhi; ìbọ̀wọ̀ fún aládùúgbò kò sọ ọ́ di aláìgbàgbọ́.

Bí ọ̀dọ́mọkùnrin wa bá tún tọ̀ wá wá lónìí, a kò ní bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú pé kí ó ju òrùka nù. A óò sọ fún un pé, “Ọmọ mi, àwọn ọlọ́gbọ́n Índíà pàápàá kò ní kí o ra agbára, wọ́n ní kí o kó ara rẹ níjàánu. Olúwa wa pẹ̀lú ní àjàgà tí ó ń pè wá sí, ó sì ti sọ pé ó rọrùn. Gbé e lé ọrùn, ṣí ìwé rẹ, kí o sì padà lọ bẹ ìyá rẹ.”