Bí òkun bá lé ṣọ́ọ̀bù yín kúrò, ẹ má jẹ́ kí Google gbàgbé yín

Ní Ayétòrò, ìlú etí òkun tí ẹgbẹ́ Àpọ́sítélì Mímọ́ tẹ̀ dó lọ́dún 1947 ní ilẹ̀ Ìlàjẹ, ìpínlẹ̀ Òǹdó, kì í ṣe fáàrí ló ń mú kí oníṣòwò kó ṣọ́ọ̀bù. Òkun ti gbé ilé, ilé ìjọsìn àti ilé ẹ̀kọ́ lọ níbẹ̀. Ẹni tó bá kó ọjà rẹ̀ lọ sí Ìgbókọ̀dá kò ní ṣàì sọ fún àwọn aládùúgbò, kí oníbàárà tó bá dé má baà pòfo.

Ṣùgbọ́n tó bá di orí íntánẹ́ẹ̀tì, ọ̀pọ̀ oníṣòwò ló ń kó lọ láìdágbére.

Bí ẹnì kan bá tẹ "ẹja gbígbẹ" sórí Google, kì í ṣe ìgbà náà ni Google ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wá a káàkiri ayé. Ìwé àkọsílẹ̀ tó ti ṣe sílẹ̀ ló ń yẹ̀ wò, ojú ìwé kọ̀ọ̀kan sì wà níbẹ̀ pẹ̀lú àdírẹ́sì tirẹ̀. Bí ẹ bá pààrọ̀ wẹ́bùsáìtì yín láìfi àmì sílẹ̀, Google á dé ibi àtijọ́, á bá a lófìfo, bó bá sì yá, á pa á rẹ́. Tuntun yín á wá dà bí àlejò tí ẹnikẹ́ni ò mọ̀ rí.

Lọ́dún 2016 tí Jumia sọ Kaymu, Hellofood àti Jovago di orúkọ ara rẹ̀, ó ní òṣìṣẹ́ tó lè bójú tó irú nǹkan báyìí. Oníṣòwò kékeré ò ní ju ọmọkùnrin kan tó bá a ṣe wẹ́bùsáìtì lọ. Ọmọkùnrin yẹn ni kí ẹ bi.

Ẹ ní kó kọ àdírẹ́sì gbogbo ojú ìwé àtijọ́ sílẹ̀ kó tó fọwọ́ kan ohunkóhun. Lẹ́yìn náà, kó fi redirect 301 darí ọ̀kọ̀ọ̀kan sí ojú ìwé tuntun tó bá a mu. 301 ló ń sọ pé ẹ ti kó lọ pátápátá, 302 ń sọ pé ẹ máa padà wá. Kó má ṣe da gbogbo wọn sí ojú ìwé àkọ́kọ́, nítorí ẹni tó ń wá edé kò fẹ́ bá ìtàn ilé iṣẹ́ yín pàdé. Bó bá jẹ́ orúkọ wẹ́bùsáìtì gan-an lẹ yí padà, kó fi tó Google létí nínú Search Console. Ó kéré tán, Google fẹ́ kí redirect náà wà fún ọdún kan, torí náà, ẹ máa san owó orúkọ àtijọ́ lọ.

Ohun kan wà tó ń pa èèyàn lára jù. Nígbà tí wọ́n bá ń kọ́ wẹ́bùsáìtì tuntun lọ́wọ́, wọ́n sábà máa ń fi "noindex" sí i kí Google má baà fi í sínú àkọsílẹ̀ rẹ̀. Iṣẹ́ á parí, wọ́n á gbàgbé láti yọ ọ́. Ṣọ́ọ̀bù ti ṣí, ilẹ̀kùn ṣì wà ní títì! Ẹ bi í léèrè dáadáa.

Àwọn tí kò ní wẹ́bùsáìtì, tó jẹ́ pé orí máàpù Google nìkan ni wọ́n wà, kí wọ́n má ṣe ṣí àyè tuntun. Inú Business Profile tí wọ́n ti ní tẹ́lẹ̀ ni kí wọ́n ti yí àdírẹ́sì padà, torí ẹ̀rí tí àwọn oníbàárà ti kọ sábà máa ń tẹ̀ lé e lọ síbi tuntun. Google lè ní kí wọ́n fi fídíò hàn pé ibẹ̀ ni wọ́n wà lóòótọ́, nítorí náà, kí pátákó ti wà lẹ́nu ọ̀nà kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀.