Ọmọ Tí Ó Kú Tí Ó Sì Nù: Ọ̀rọ̀ Ọkọ̀ Ogun Royal Oak

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ọmọ ẹni kú, ó yá ju ọmọ ẹni nù lọ. Ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ tí wọ́n kú tí wọ́n sì tún nù ni mo mú wá lónìí.

Ní oṣù kẹwàá ọdún 1939, nígbà tí ogun ńlá àwọn Gẹ̀ẹ́sì àti Jámánì ṣẹ̀ṣẹ̀ pé ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì kan tí à ń pè ní Royal Oak dúró ní Scapa Flow, láàárín àwọn erékùsù Orkney ní òkè Scotland. Ènìyàn 1,234 ni ó wà nínú rẹ̀. Ọkàn wọn balẹ̀, nítorí wọ́n ti ri àwọn ògbólógbòó ọkọ̀ sí ẹnu ọ̀nà omi náà kí ọ̀tá má baà wọlé.

Ní òru ọjọ́ 14 oṣù náà, ọkọ̀ abẹ́ omi àwọn Jámánì tí a ń pè ní U-47, tí Günther Prien jẹ́ ọ̀gá rẹ̀, yọ́ gba àlàfo kan wọlé. Ní nǹkan bí aago kan òru, ó ta ọta abẹ́ omi kan lu iwájú Royal Oak. Ariwo rẹ̀ kò pọ̀. Púpọ̀ nínú wọn rò pé nǹkan kan ló bú nínú ọkọ̀ fúnra rẹ̀, àwọn mìíràn sì padà lọ sùn. Kò pé ogún ìṣẹ́jú tí ọta mẹ́ta mìíràn fi dé. Iná sọ, òkùnkùn ṣú, ìṣẹ́jú 13 péré ni ọkọ̀ náà fi dojúdé tí ó sì rì. Omi tutù bíi yìnyín, epo ọkọ̀ sì bò ó. Ọkọ̀ kékeré kan tí ń jẹ́ Daisy 2, tí John Gatt ń darí, gba ènìyàn 386 là. Àwọn 835 kú.

Nínú 835 wọ̀nyí, 134 ni kò tíì pé ọmọ ọdún 18.

Nígbà náà, ọmọ ọdún 15 lè wọ iṣẹ́ ogun ojú omi Gẹ̀ẹ́sì. Ọdún 12 ni yóò ṣèlérí láti sìn, ṣùgbọ́n ọjọ́ tí ó bá pé ọdún 18 ni wọn yóò tó bẹ̀rẹ̀ sí í ka ọdún náà. Ẹ̀yin oníṣòwò, ẹ̀yin mọ ìṣirò. Ọdún tí ó fi ṣe ọmọdé lẹ́nu iṣẹ́ kò sí nínú ìwé, ṣùgbọ́n nígbà tí ikú dé, ikú kà á mọ́ àgbà.

Ó pẹ́ tí mo ti ń kọ́ ọmọ ní kéwú, mo sì mọ ọmọ ọdún 16. Ó lè ru àpò ìrẹsì, ohùn rẹ̀ sì ti ń di ti ọkùnrin. Ṣùgbọ́n bí a bá ń jí i fún ìrun àsùbá, àfi kí a mì í lẹ́ẹ̀mẹta. Oorun ọmọdé ló ṣì ń sùn. Irú oorun bẹ́ẹ̀ ni púpọ̀ nínú àwọn ọmọ wọ̀nyí ń sùn lóru ọjọ́ náà.

Bí ẹnìkan bá sọ pé, "Alùfáà, wọn kì í ṣe ẹlẹ́sìn wa," èmi yóò dá a lóhùn pé ìyá ló bí wọn. Nínú ẹ̀sìn wa, Mùsùlùmí tí omi bá gbé wà lára àwọn ṣàhídì, ìtùnú ńlá sì ni. Ṣùgbọ́n ìtùnú òkú kì í ṣe àwíjàre fún ẹni tí ó rán ọmọdé lọ. Nígbà tí Abdullah ọmọ Umar fẹ́ jáde sí ogun Uhudu ní ọmọ ọdún 14, Ànábì wa, kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a, dá a padà sílé. Ọdún 15 ni ó pé kí ó tó gbà fún un ní ogun Kandaki. Àgbà ló wo ọjọ́ orí ọmọ, kò wo ìgboyà rẹ̀ nìkan. Lónìí, ìwé àdéhùn tí Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé ṣe ní ọdún 2000 béèrè pé kí àwọn ìjọba ṣe gbogbo ohun tí ó bá ṣeé ṣe kí ọmọ ogun wọn tí kò tíì pé ọdún 18 má bàa dé ojú ìjà.

Wọ́n rí òkú àwọn díẹ̀, wọ́n sì sin wọ́n sí Lyness. Èyí tí ó pọ̀ jù ṣì wà nínú ọkọ̀ náà ní ìsàlẹ̀ omi. Òfin ti sọ ibẹ̀ di ibojì. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ wẹ̀ dé ibẹ̀ láìgba àṣẹ. Lọ́dọọdún, àwọn òmùwẹ̀ ìjọba máa ń lọ fi àsíá tuntun sára rẹ̀. Ìwé orúkọ wọn àti agogo ọkọ̀ náà wà nínú ṣọ́ọ̀ṣì ńlá St Magnus ní Kirkwall. Orúkọ, ojú ibojì, ọjọ́ ìrántí: nǹkan mẹ́ta yìí ni ó ń mú ọmọ tí ó nù kúrò nínú ìnù.

Prien ńkọ́? Wọ́n fi oyè ńlá dá a lọ́lá nílé. Ní oṣù kẹta ọdún 1941, òun àti gbogbo ẹni tí ó wà nínú U-47 nù sójú òkun, wọn kò padà mọ́. Títí dòní a kò rí òkú ọkọ̀ wọn. Ìyá àwọn Jámánì náà wá mọ ohun tí ìyá àwọn Gẹ̀ẹ́sì mọ̀.

Nítorí náà, bí ọmọ tí kò tíì tó bá ń wá ogun lọ, ẹ̀yin òbí, ẹ dá a padà bí Ànábì ti dá ọmọ Umar padà. Bí ilé kan bá sì wà ní àdúgbò yín tí ẹnìkan ti nù, ẹ má sọ fún wọn pé kí wọ́n gbàgbé. Ẹ bá wọn pe orúkọ rẹ̀, ẹ bá wọn ṣe àdúà, ẹ bá wọn ṣe sàráà. Ọlọ́hun kò ní jẹ́ kí a rí òfò ọmọ. Àmín.