Ojú Ọmọ Mi àti Ìpara Ọlọ́jọ́ Mẹ́rin

Nígbà tí ọmọ mi obìnrin pé ọdún 16, kò gbà kí ẹnikẹ́ni ya òun ní fọ́tò mọ́. Irorẹ́ ti gba iwájú orí àti ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan bá a ra ìpara tí wọ́n pò sínú ike, tí kò ní orúkọ. Ọjọ́ mẹ́rin péré, ojú ń dán gbinrin, inú gbogbo wa dùn. Kò tó oṣù méjì tí irorẹ́ fi padà wá rẹpẹtẹ, awọ ojú náà sì ti fẹ́lẹ́ débi pé oòrùn Ojúẹlẹ́gba l'Ékòó níbí ń ta á bí ata. Dókítà awọ ara ní ó jọ pé sitẹ́rọ́ìdì ni wọ́n pò mọ́ ọn. Sitẹ́rọ́ìdì a máa pa wíwú àti pípọ́n. Bí a bá dá a dúró, irorẹ́ á tún jáde.

Benzoyl peroxide la fi bẹ̀rẹ̀ ìtọ́jú rẹ̀. Òun ló ń pa kòkòrò àìfojúrí inú irorẹ́. Èmi fẹ́ ra ìdá 10 nínú ọgọ́rùn-ún, mo rò pé agbára rẹ̀ ló pọ̀ jù. Rárá o: ìdá 2.5 fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣiṣẹ́ tó o, kì í sì í ta ni tó bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n a máa bó aṣọ. Láàárín ọ̀sẹ̀ kan, àpò ìrọ̀rí búlúù ọmọ mi ti ní ojú funfun ribiti níbi tí ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ máa ń wà. Aṣọ funfun ni kí ẹ tẹ́.

Adapalene ni wọ́n fi kún un, ìbátan fítámì A tó ń ṣí ihò awọ tó ti dí. Láti 2016 ni wọ́n ti ń tà á láìgba ìwé dókítà ní Amẹ́ríkà. Alẹ́ là ń lò ó, ìwọ̀n horo ẹ̀wà kan fún gbogbo ojú. Ọ̀sẹ̀ mélòó kan àkọ́kọ́ le: awọ ń bó, irorẹ́ tuntun ń yọ, ọmọ ń sunkún. Ó tó ọ̀sẹ̀ 12 kí a tó rí ìyàtọ̀. Aboyún kò gbọdọ̀ fi í kan ara. Azelaic acid ló yẹ ẹ́, òun náà ló sì ń mú àpá dúdú rọra lọ, èyí tó máa ń pẹ́ lójú àwa adúláwọ̀ ju irorẹ́ fúnra rẹ̀ lọ. Ní ti clindamycin, oògùn apakòkòrò tí wọ́n ń fi sójú, ẹ má dá a lò. Á mọ́ kòkòrò lára.

Ọṣẹ dúdú ńkọ́? Ó ń fọ ojú, kò wo irorẹ́ ọmọ mi.

Ẹ̀yin ìyá, ìpara tí kò bá ní orúkọ àti nọ́ńbà NAFDAC lára, ẹ má jẹ́ kó kan ojú ọmọ yín. Dókítà awọ ara wà ní ilé ìwòsàn LUTH, Ìdí-Àràbà níbí.