Ohun tó ṣì wà láàyè nínú igi

Bí ẹ bá ti ra bẹ́ẹ̀dì tí wọ́n fi arère kàn rí, ó ṣeé ṣe kí ẹ ti gbá ìyẹ̀fun kan lábẹ́ rẹ̀ láàárọ̀, kíkúnná bí ẹ̀lùbọ́, kí ẹ sì rí ihò bí ojú abẹ́rẹ́ lára pákó. Gbẹ́nàgbẹ́nà á ní kòkòrò ti wọ̀ ọ́. Òótọ́ ló sọ. Àmọ́ sítáàṣì inú pákó ni kòkòrò náà bá débẹ̀, oúnjẹ tí igi fi pamọ́ nígbà tó ṣì wà nínú igbó.

Ta ló bá igi tọ́jú rẹ̀? Òkú ló pọ̀ jù nínú igi tó dúró ṣánṣán yẹn. Àní àwọn ihò tóóró tí omi ń gbà gòkè láti gbòǹgbò, ìgbà tí sẹ́ẹ̀lì wọn bá kú, tí inú wọn ṣófo, ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wúlò. Àárín àwọn òkú yìí ni àwọn alààyè fara pamọ́ sí, àwọn sẹ́ẹ̀lì tí onímọ̀ ń pè ní parenchyma. Nínú igi ilẹ̀ olóoru, wọ́n tó nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta. Ti páìnì kì í sábà pé 10%. Ti oṣè kọjá bẹ́ẹ̀ fíìfíì, ìdí nìyẹn tí ara rẹ̀ fi rọ̀, tí omi sì kún inú rẹ̀.

Àwọn ni àká igi. Bí àràbà bá wọ́wé lẹ́ẹ̀rùn, tó tún yọ òdòdó láìní ewé kan lórí, ọ̀dọ̀ wọn ló ti ń jẹun.

Àwọn náà ni ọlọ́dẹ. Alex Shigo, òṣìṣẹ́ ìjọba Amẹ́ríkà lórí ọ̀rọ̀ igbó, fi ẹ́ńjìnnì ìgégi la igi ní ìbú àti ní òòró kó lè rí ohun tí ọgbẹ́ ń ṣe nínú wọn. Ìwé tí òun àti Harold Marx gbé jáde lọ́dún 1977 fi yé wa pé ọgbẹ́ igi kì í jinná bíi tiwa. Igi kàn ń mọ odi yí i ká ni. Nínú ọ̀pọ̀ igi, sẹ́ẹ̀lì alààyè ìtòsí á wú bíi bàlúùnù wọnú ihò omi, á dí i pa, kí olú tó ń jẹ igi rà má baà rọ́nà kọjá. Ojú àdá ogún ọdún sẹ́yìn ṣì wà nínú lọ́hùn-ún.

Àwọn náà ń darúgbó ṣá. Nínú ìrókò, kí àwọn tó wà nínú pátápátá tó kú, wọ́n á ná sítáàṣì wọn tán, wọ́n á fi ṣe oògùn tó ń sọ igi di pupa rúsúrúsú. Chlorophorin wà lára rẹ̀. Kòkòrò tó ń wá sítáàṣì kò rí nǹkan jẹ níbẹ̀ mọ́, ara funfun tó wà lẹ́bàá èèpo nìkan ló kù fún un. Arère kò ní irú oògùn bẹ́ẹ̀. Funfun ni látòde dé inú. Eruku tó ń mú ẹni tó ń rẹ́ ìrókò sín, tó sì ń yún un lára títí dalẹ́, oògùn yẹn náà ni.